Ẹ̀yin tó ti gba lọ́yà fún bankruptcy (kí èèyàn lọ bẹ kóòtù torí gbèsè tí apá rẹ̀ ò ká mọ́) ní Amẹ́ríkà, báwo ló ṣe rí?

Àbẹ̀ní: Ẹ kú ilé o. Gbèsè káàdì àti ti ilé ìwòsàn ti wọ àbúrò mi lọ́rùn ní Maryland. Wọ́n ti gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì ti ń yọ lára owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń bi mí bóyá kóun gba lọ́yà ni àbí kóun kún fọ́ọ̀mù fúnra òun. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Chapter 7 ni èmi ṣe, ìyẹn irú bankruptcy tí kóòtù ti ń pa ọ̀pọ̀ gbèsè rẹ́ láìfi ọdún gbọọrọ san án. Àǹfààní tí mo rí lára lọ́yà, ká tó dé kóòtù ni mo ti rí i. Mo ti ń múra láti san owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ná, torí ojú ń tì mí. Báńkì lè dúró. Lọ́yà ní kí n má dán an wò. Ó ní bí èèyàn bá san gbèsè fún ẹbí láàárín ọdún kan ṣáájú kó tó fìwé sílẹ̀, trustee, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti tú ọ̀rọ̀ owó rẹ wò, lè lọ bá ẹbí yẹn kó gbà á padà. Ẹ wo irú ìjà tí ìyẹn ì bá dá sílẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá sáré yí orúkọ mọ́tò sí tọmọ: ó kéré tán, ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n máa ń tú wò.

Bí ìwé ṣe wọ kóòtù báyìí, automatic stay bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ààbò tó ń dá àwọn tá a jẹ lówó dúró. Ìpè wọn dákẹ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ yọ owó iṣẹ́ mọ́. (Owó ìtọ́jú ọmọ tí kóòtù bu féèyàn kò sí lára rẹ̀ o.)

Ní ti ìpàdé 341 tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, adájọ́ kì í sí níbẹ̀, òfin ò gbà á láyè. Orí Zoom ni trustee ti mú mi búra, tó sì bi mí ní ìbéèrè. Àwọn tí mo jẹ lówó láṣẹ láti wá, ẹnì kankan ò yọjú.

Àkàndé: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rówó san fún lọ́yà, ṣé irú wọn ló ń jẹ gbèsè?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀rín pa mí. Owó kóòtù fún Chapter 7 jẹ́ $338, wọ́n lè gbà kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀. Bí owó tó ń wọlé bá kéré púpọ̀, adájọ́ lè mú un kúrò pátápátá. Owó lọ́yà ló ṣòro. Ọ̀pọ̀ wọn á ní kẹ́ ẹ san tán kí wọ́n tó fìwé sílẹ̀, torí òfin tó pa gbèsè yín rẹ́ lè pa tiwọn náà rẹ́. Ti Chapter 13, ìyẹn irú tẹ́ ẹ ti ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀ látinú owó tó ń wọlé, lè wọ inú owó tẹ́ ẹ máa fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún san. Ẹ wá legal aid àdúgbò yín lọ ná, àwọn lọ́yà tó ń ran aláìní lọ́wọ́. Wọ́n á wo iye tó ń wọlé, bí ẹ bá yege, ọ̀fẹ́ ni.

Bàbá Ṣeun: Ẹ ṣọ́ra fáwọn akọ̀wé-kún-fọ́ọ̀mù tí owó wọn kéré. Òfin sọ pé kí wọ́n tẹ ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn ni, wọn ò gbọ́dọ̀ gbani nímọ̀ràn òfin. Ẹni tó ṣe ti àna mi ló bá a yan Chapter 13, nígbà tí àna mi ò níṣẹ́ tó dúró. Kóòtù da ẹjọ́ náà nù. Nígbà tó tún padà lọ kí ọdún tó yí po, ààbò ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló ní. Lọ́yà tòótọ́ ló bẹ kóòtù kí wọ́n tó fi kún un. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Ìyá Àgbà: Ẹni tí òbí rẹ̀ kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ sọ fún lọ́yà ṣáájú. Wọ́n ń fi ògbufọ̀ sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpàdé 341. Èdè Yorùbá ni màmá mi fi dáhùn.

Àkàndé: Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́?

Bàbá Ṣeun: Ìyẹn kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ mìíràn lẹ máa pè nínú ẹjọ́ bankruptcy yín láti fi hàn pé sísan rẹ̀ máa ni yín lára ju bó ti yẹ. Láti ìparí 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti mú un rọrùn díẹ̀ fún gbèsè tiwọn. Ẹ má dá a ṣe.

Àbẹ̀ní: Ọlọ́run á san yín lóore. Ó kù kan o: èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé mọ́tò àbúrò mi bí onídùúró nígbà tó yáwó rà á.

Ìyá Ìbejì: Háà! Chapter 7 á tú òun sílẹ̀, kò ní tú ẹ̀yin. Ẹ̀yin ni wọ́n máa yíjú sí. Chapter 13 lè dá wọn dúró lọ́rùn yín fún ìgbà díẹ̀ tó bá ń san án. Ẹ bá a lọ rí lọ́yà náà, àmọ́ òun nìkan ni lọ́yà yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wá tiyín.