Ìwọ̀ wo ni ká fi pa bass? Ọmọ Ọ̀fà ń béèrè

Ọmọ Ọ̀fà, Dallas:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sétí adágún ní Sátidé, ó yá mi ní ọ̀pá ìwọ̀, ó ní bass là ń wá, ẹja adágún kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ìwọ̀ pa níbí. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́wàá, òun mú mẹ́rin, èmi mú ewé. Lọ́jọ́ kejì mo wọ ilé ìtajà àwọn apẹja, orí mi wú. Ògiri kan gbáko, ekòló oníke nìkan ló wà níbẹ̀: pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, èyí tó ń dán yinrinyinrin. Reel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn sí, wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ tó owó ilé. Mo rọra bá ẹ̀yìn jáde. Ní kékeré wa létí odò Ọ̀yun, ọparun kan, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ kan, ekòló tá a wà lẹ́yìn balùwẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kí ni kí n rà tí mi ò fi ní jẹ gbèsè?

Ìyá Ìpáta, Manchester:
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹja wá dá ẹ mọ́lẹ̀? 😂 Má lọ sọ fún wọn nílé o.

Bàbá Àrán, Fort Worth:
Àbúrò, má dá Ìyá Ìpáta lóhùn, ẹlẹ́ja ni, ẹni tó ń ta á kì í mọ ìyà ẹni tó pa á. Jókòó, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹ. Ọdún kẹrìnlá mi rèé tí mo ti ń pa bass ní Texas, ọdún méjì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, òfò ni.

Kọ́kọ́ mọ irú ẹja tó ò ń wá. Àrọ̀ ilé wa, òórùn ló ń tẹ̀ lé. O lè so ìfun adìẹ mọ́ ìwọ̀, kó o lọ sùn, á wá bá ẹ. Bass kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, pẹ̀lú ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Yóò ba sábẹ́ igi tó wó sómi, lábẹ́ pákó èbúté, lẹ́bàá koríko, bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Tí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀, á ya ẹnu gbàǹgbà, á fa omi àti oúnjẹ wọlé pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sójú kan, tó ju ìwọ̀ sí àárín omi gbalasa, tó ń retí kí ẹja wá kí òun, á retí títí. Ìwọ lo máa lọ bá a nílé rẹ̀.

Ohun tó o máa rà: ọ̀pá spinning (èyí tí reel rẹ̀ máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá) ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 7, kí wọ́n kọ medium sí i lára, ìyẹn ni pé kò le jù, kò sì rọ̀ jù, kí orí rẹ̀ máa tètè tẹ̀. Reel spinning tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2500 tàbí 3000. Wọ́n máa ń ta àwọn méjèèjì pa pọ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ju 70 dọ́là lọ́wọ́ ẹ. Okùn monofilament tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10 pound. Ìyẹn náà ni ọ̀rá tá a mọ̀ nílé, ó máa ń nà díẹ̀, ó sì máa ń dárí ji ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Braid, ìyẹn okùn híhun, lágbára gan-an, kì í nà rárá, inú koríko ló wúlò fún. Okùn fluorocarbon máa ń rì, ẹja kì í tètè rí i, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga, ó sì máa ń ṣagídí lórí reel ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Wọ́n á fi baitcaster hàn ẹ́, irú reel kan tó máa ń jókòó sórí ọ̀pá, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń yí bí okùn ṣe ń jáde. Kọjá lára ẹ̀. Mo ra tèmi ní 180 dọ́là nígbà tí mo rò pé mo ti dọ̀gá. Àtẹ̀ǹpàkò ló yẹ kó o fi dá a dúró bí ìwọ̀ ṣe ń kan omi. Mo gbàgbé. Ohun tí okùn ń ta jáde ju ohun tí ìwọ̀ ń fà lọ, ó wú sókè nínú kẹ̀kẹ́ bí irun ọmọ tí wọn ò yà láti oṣù mẹ́ta. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tú u, mo sì padà gé gbogbo ẹ̀ dànù.

Ọmọ Ọ̀fà, Dallas:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ògiri ekòló wá ńkọ́? Èwo ni kí n mú níbẹ̀?

Bàbá Àrán, Fort Worth:
Ẹyọ kan ṣoṣo. Ekòló oníke tó gùn tó ìnṣì 6 tàbí 7. Tí omi bá mọ́, mú àwọ̀ ewé tó ṣú tí wọ́n ń pè ní green pumpkin. Tó bá dà bí omi odò Àsà ní Ìlọrin nígbà òjò, mú dúdú tó ní búlúù. Àwọ̀ yòókù, àwọn apẹja ni wọ́n fi ń pa, kì í ṣe ẹja.

Wàá tún ra ìwọ̀ offset, èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, tí nọ́ńbà títóbi rẹ̀ jẹ́ 3/0, àti òjé ṣóńṣó bí ọta ìbọn, 1/8 tàbí 3/16 ounce. Texas rig ni wọ́n ń pe bí wọ́n ṣe ń dè é. Fara balẹ̀ ka èyí:

Ki òjé sójú okùn, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ọ̀pá. Ṣẹ́ okùn po méjì, ki ibi tó ṣẹ́po gba ojú ìwọ̀, so kókó kan tí kò le, gbé odindi ìwọ̀ gba inú òrùka okùn tó ṣẹ́kù. Kó o tó fà á, fi itọ́ pa á. Má rẹ́rìn-ín o. Tí kókó bá gbẹ, okùn á ha ara ẹ̀ bó ṣe ń fún, ibẹ̀ náà ni yóò sì já lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá dé. Wá gún orí ekòló láti òkè, kí ìwọ̀ wọlé díẹ̀, yọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́, fa ekòló gòkè títí á fi jókòó sí ọrùn tó ṣẹ́ yẹn. Yí ìwọ̀ padà kó kọjú sí ara ekòló, fojú wọn ibi tí yóò bọ́ sí, ká ekòló sókè díẹ̀, gún un, kí ẹnu ìwọ̀ fara pamọ́ sábẹ́ awọ. Gbé e sókè wò. Tó bá tọ́ gbọọrọ, ó dáa. Tó bá wọ́, á máa pòòyì bí òkòtó nínú omi, ẹja á wò ó tìyanu-tìyanu, á sì fi ẹ́ sílẹ̀.

Ìdí tá a fi ń pa ẹnu ìwọ̀ mọ́ ni pé o lè wá jù ú sáàárín igi àti koríko, kò ní há. Ewé tó o mú lọ́jọ́ yẹn, ìwọ̀ rẹ ló la ẹnu sílẹ̀.

Jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, kó o wá ṣe ohun tó nira jù, ìyẹn ni pé má ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kó rì. Ìgbà tó bá ń rì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé e. Okùn ni kó o máa wò. Tó bá ta pọ́n-ún, tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá dẹ́kun rírì kó tó kan ìsàlẹ̀, àlejò ti dé. Tí kò bá sí nǹkan, gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́, sọ ọ́ kalẹ̀, ká okùn tó bá dẹ̀, kó o tún dúró. Bí ẹja ṣe ń gbé e, ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá fa etí ìró ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rọ orí ọ̀pá sílẹ̀, ká okùn kó le, wá já a sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Alfa Toronto:
Àsàlámù àlékùm gbogbo ilé. Bàbá Àrán ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un. Níbí, smallmouth la sábà máa ń rí, irú bass kan tí ẹnu rẹ̀ kéré sí ti largemouth tí Bàbá Àrán ń pa, orí àpáta ló fẹ́ràn. Ẹ ó fi ẹnu dá wọn mọ̀: ti largemouth gùn kọjá ẹ̀yìn ojú, ti smallmouth kò dé ibẹ̀. Tí ẹja bá ń ṣe fújà, ẹ mú ekòló tó ki tí kò ní ìrù, ẹ fi ìwọ̀ kékeré gún un láàárín gan-an, láìsí òjé. Ẹ jù ú, ẹ gbàgbé ẹ̀. Orí àti ìdí á máa gbọ̀n bó ṣe ń rì. Wacky rig ni. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n ó ń pẹja.

Ẹ̀yin ará Ontario, ẹ ṣọ́ra o. A ní ìgbà tí òfin kì í gbà ká pa bass. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù wa, ó di oṣù June kí wọ́n tó ṣí i. Ìgbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 60 sí 65 Fahrenheit ni wọ́n máa ń yé, akọ ló sì máa ń dúró ti ẹyin. Tẹ́ ẹ bá gbé akọ yẹn kúrò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọn ẹja kéékèèké á ti jẹ ẹyin tán.

Bàbá Àrán, Fort Worth:
Ó ṣeun, Alfa. Àbúrò, ìwé àṣẹ ìpẹja ńkọ́? Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 ní Texas gbọ́dọ̀ gbà á, àfi tó bá dúró sí etí omi nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ (state park), níbẹ̀ wọn kì í béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú ti ọlọ́dọọdún máa ń kú ní 31 August, ìgbà yòówù kó o rà á. Mo ra tèmi àkọ́kọ́ ní oṣù July, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Largemouth tí kò bá tó ìnṣì 14, dá a padà. Márùn-ún lóòjọ́ lo lè gbé lọ. Àwọn adágún kan ní òfin tiwọn. Ní Lake Fork ní ìlà oòrùn Dallas, èyí tó bá wà láàárín ìnṣì 16 sí 24, ọwọ́ rẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e délé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú bass tó tóbi jù ní Texas, 18.18 pound, ní January 1992. Crappie, ẹja mìíràn, ni ọkùnrin tó mú un ń wá tirẹ̀.

Ìyá Ìpáta, Manchester:
Ẹ dúró ná. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè, mi ò tíì rí ibi tí ata ti wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ó jí láago márùn-ún, ẹ ó wa mọ́tò wákàtí méjì, ẹ ó mú ẹja, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó wá dá a padà sómi? Ẹ̀yin ọmọ ta ni?

Bàbá Àrán, Fort Worth:
😂 Ìyáàfin, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èmi máa ń jẹ méjì mẹ́ta lóṣù, tí kò tóbi. Ẹja tó bá ti dàgbà gan-an, májèlé mẹ́kúrì ti jókòó sí ẹran ara ẹ̀. Ní Caddo Lake, adágún kan ní ìlà oòrùn Texas, ìjọba ti kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa bass ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí inú yín lè dùn: largemouth tó tóbi jù láyé, 22 pound àti ounce 4, George Perry ló mú un ní Georgia ní 2 June 1932. Ilé ló gbé e lọ, wọ́n sì sè é jẹ. Ó di 2009 kí Manabu Kurita tó mú irú ẹ̀ ní Lake Biwa ní Japan. Tirẹ̀ fi díẹ̀ ju ti Perry lọ, kò kàn pọ̀ tó èyí tí òfin fi lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ni wọ́n bá kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbẹ̀.

Ìyá Ìpáta, Manchester:
Perry yẹn, ọmọ dáadáa ni. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, tẹ́ ẹ bá ní bass, ti òkun ni, kì í ṣe ẹja kan náà. Kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 42. Ìwé àṣẹ ò sí fún ẹni tó bá dúró sí etíkun Íńgíláńdì fi ìwọ̀ pẹja, àmọ́ tó bá jẹ́ omi odò, láti ọmọ ọdún 13 ni wọ́n ti ń gbà á. Ọkọ mi kọ́ ti odò lọ́nà tó wọ́n wọn.

Ará Pákátà (mo ti padà sílé):
Ẹ kú àtijọ́ o. Mo kó ọ̀pá méjì bọ̀ wá sí Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú àpótí oníke tó kún fún ekòló yín yẹn. Mo lọ sétí Àsà. Mo ju Texas rig láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹja kan ò tiẹ̀ bi mí pé níbo lo ti wá. Àwọn ọmọdé mẹ́ta jókòó tì mí, èyí tó kéré jù ní, "Bàbá, ṣé rọ́bà lẹ fẹ́ kí ẹja jẹ ni?" Ó sáré wa ekòló gidi wá nínú agolo mílíìkì. Mo tú gbogbo ẹ̀ kúrò, mo so ìwọ̀ kékeré, ẹ̀pìyà méje. Ẹnu ẹ̀pìyà kéré, ohun tó ń jẹ sì yàtọ̀. Kò sí bass ní Àsà, ẹ má kó ẹrù wálé lórí asán bíi tèmi. Reel spinning yẹn nìkan ló wúlò, ó ń jù jìnnà ju ọparun lọ.

Ọmọ Ọ̀fà, Dallas:
Ìbéèrè kan ló kù, bàbá. Ibi tá a lọ, òṣíbàtà bo omi lápá kan, mo sì ń gbọ́ tí nǹkan ń ṣe "gbọ̀ọ̀" lábẹ́ ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọbẹ̀?

Bàbá Àrán, Fort Worth:
Àwọn àgbà ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Bass tó wà lábẹ́ ẹ̀ lò ń gbọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lo ọ̀pọ̀lọ́ oníke, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ìwọ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Jù ú kọjá, máa fà á fò láti ewé dé ewé, sinmi níbi tí omi bá ti là. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni. Àmọ́ okùn 10 pound rẹ kò lè fa ẹja jáde nínú òṣíbàtà. Braid 50 pound àti ọ̀pá líle ni. Fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Tó o bá wá dédìí ẹ̀, nígbà tí omi bá bú gbàù, má já a lójú ẹsẹ̀. Ka ení, èjì, títí okùn á fi wúwo lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo wa la máa ń sáré já a nígbà àkọ́kọ́, tí ọ̀pọ̀lọ́ á fò wá bá wa lójú.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, wo drag, ìyẹn ìjánu tó wà lórí reel tó ń jẹ́ kí okùn jáde bí ẹja bá fà á. Fi ọwọ́ fa okùn: tí kò bá yọ́ rárá, ó ti le jù. Tọwọ́ bọ omi kó o tó di ẹja mú, kí o sì dì í mú ní ètè ìsàlẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, Dallas (ọjọ́ kẹjọ):
Ẹ bá mi yọ̀! Aago méje ku ìṣẹ́jú díẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tó wó, mo ń retí kó rì, okùn kàn rọra yà sápá òsì, bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé sílé. Mo rọ ọ̀pá sílẹ̀, mo ká a, mo já a. Ó fò jáde lómi lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mi orí. Drag ń ké ṣíì-ṣíì. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé ìwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n bọ́ sílẹ̀. Green pumpkin, 3/0, òjé 3/16.

Ìyá Ìpáta, Manchester:
Ọmọ Ọ̀fà gan-an ni ẹ́! Ata wà nílé àbí kò sí?

Ọmọ Ọ̀fà, Dallas:
Ìnṣì 13 àtààbọ̀ ni, mà.

Ìyá Ìpáta, Manchester:
Ààbọ̀ ìnṣì! Nítorí ààbọ̀ ìnṣì! O ò lè fà á gùn díẹ̀?