Ìtàn ìbò àgbègbè Richmond ní Melbourne: iye wo la lè fi wé iye wo?

Akọ̀wé_Kékeré:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń to tábìlì ìtàn ìbò àgbègbè ìdìbò Richmond, tó wà láàárín ìlú Melbourne, fún ilé aṣòfin kékeré ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àwọn iye náà kò bára mu láti ọdún dé ọdún. Ọdún kan, wọ́n á kọ Labor sí ẹ̀gbẹ́ Liberal (ẹgbẹ́ òṣèlú ibẹ̀ ni Labor, Liberal àti Greens). Ọdún mìíràn, Labor sí ẹ̀gbẹ́ Greens. Ìgbà tí mo dé 2018, mi ò rí Liberal rárá.

Èwo nínú iye wọ̀nyí ni mo lè fi wé ara wọn? Ṣé òótọ́ ni pé Labor ló di àga náà mú láìjáwọ́ láti 1908 títí di 2022? Kí ló sì dé tí wọ́n fi pàdánù rẹ̀ ní 2022, ọdún tí Labor kan náà gba àga 56 nínú 88 ní gbogbo Victoria?

Bàbá_Ìtàn:

Kì í ṣe láìjáwọ́ o. Ọdún mẹ́ta kan wà láàárín tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ gan-an ni tábìlì máa ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Edmond Cotter ti Labor jókòó síbẹ̀ láti 1908 dé 1945. Stan Keon tẹ̀ lé e, ó sì kúrò ní 1949 lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Frank Scully wọlé ní 1949 lábẹ́ Labor, ó tiẹ̀ di mínísítà nínú ìjọba John Cain, olórí ìjọba Victoria láti inú Labor. Nígbà tó di 1955, Labor ti Victoria fọ́ sí méjì lórí ọ̀rọ̀ àwọn Kọ́múníìsì nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n lé Scully àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà bá àwọn alátakò dìbò, ìjọba Cain wó lulẹ̀. Nínú ìbò May 1955, nínú gbogbo àwọn tí wọ́n lé yẹn, Scully nìkan ló padà wọ ilé kékeré, Richmond ló sì gbé e padà. Ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ló wá ń jẹ́ DLP (Democratic Labor Party) láti 1957. Bill Towers ló gba àga náà padà fún Labor ní 1958.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn lẹ fi ń pín tábìlì, ìlà kan ṣoṣo ni ti Scully. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ lẹ fi ń pín in, ẹ gé e sí méjì: 1949 sí 1955 fún Labor, 1955 sí 1958 fún ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ tábìlì tí mo rí kò gé e, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "láìjáwọ́ láti 1908" fi ń rìn kiri. Ohun tó dájú ni 1958 sí 2022, ọdún 64.

Àwọn tó kù kò nira. Clyde Holding, 1962 sí 1977, òun ló ṣe olórí Labor nílé ìgbìmọ̀ láti 1967. Theo Sidiropoulos, 1977 sí 1988. Demetri Dollis, 1988 sí 1999. Gíríìsì ni wọ́n ti bí Sidiropoulos àti Dollis, èyí tó sọ fún yín irú àwọn tó ń gbé ládùúgbò náà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn wọn ni Richard Wynne, 1999 sí 2022, kí Gabrielle de Vietri ti Greens tó wọlé.

Tó bá wù yín láti lọ sẹ́yìn ju 1908 lọ, ẹ ṣọ́ra. Aṣojú méjì ni Richmond ń yàn lápá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. William Trenwith, aránbàtà tó di olórí Labor, àti George Bennett jọ wọlé ní 1889. Níbi tí wọ́n bá ti ń yan ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, iye ìbò pọ̀ ju iye olùdìbò lọ. Ẹ má ṣírò ìdá nínú 100 rẹ̀ bíi ti ìgbà yìí rárá.

Ẹ tún fa ìlà gbọọrọ ṣáájú 1911: ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ Victoria (òfin náà jáde ní 1908, Victoria ló kẹ́yìn nínú àwọn ìpínlẹ̀), ìgbà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà to olùdíje. Ẹ fa òmíràn ṣáájú 1927, nígbà tí ìdìbò di dandan. Iye èèyàn tó jáde ṣáájú ìlà wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ iye tó jáde lẹ́yìn wọn.

Oníṣirò:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Kí n mú ti iye tí kò bára mu.

Akọ̀wé, àwọn tó kọ iye yẹn kò ṣàṣìṣe. Oríṣi ìṣirò méjì ni. Èkínní ni ìṣirò ẹgbẹ́ méjì: gbogbo ìwé ìbò ni wọ́n máa ń pín sí Labor tàbí Liberal, kódà níbi tí Liberal ti ṣe ipò kẹta. Èkejì ni ìṣirò ẹni méjì tó kẹ́yìn: àwọn méjì tó ṣẹ́ kù ní ti gidi lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo àwọn yòókù. Lọ́pọ̀ àgbègbè ní Victoria, nǹkan kan náà ni méjèèjì. Ní Richmond, láti 2002 tí Greens ti ṣe ipò kejì, wọ́n ti pínyà. Ìṣirò ẹgbẹ́ méjì á sọ fún yín pé Labor ń na Liberal lálùbolẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí Greens já àga gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 2014, àlàfo Wynne (iye tó fi ju ìdajì lọ) sí Kathleen Maltzahn ti Greens kò tó ìdá 2 nínú 100.

Ohun tó ń fa ariwo ni bí wọ́n ṣe ń kà á. Kì í ṣe bíi ti ilé, níbi tí ẹni tó bá ti ní ìbò jù lọ ti gbé àga lọ. Níbẹ̀, olùdìbò á kọ 1, 2, 3, títí dórí olùdíje gbogbo. Ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Bí kò bá sí ẹni tó ju ìdajì, wọ́n á yọ ẹni tó kéré jù, wọ́n á wo ẹni tí olùdìbò rẹ̀ fi ṣe èkejì, wọ́n á gbé ìwé náà fún onítọ̀hún. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa yọ wọ́n títí tí méjì á fi kù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Mo kàn fi iye sí i ni, kì í ṣe èsì ọdún kankan. Ká ní ìwé ìbò tó bófin mu jẹ́ 40,000. Greens ní 16,000, Labor 14,500, Liberal 7,500, olùdíje kékeré kan 2,000. Ẹni tó máa wọlé nílò 20,001. A yọ èyí tó kéré jù: 1,000 nínú ìbò rẹ̀ lọ sí Greens, 900 sí Labor, 100 sí Liberal. Greens di 17,000, Labor 15,400, Liberal 7,600. Ó wá kan Liberal láti bọ́ọ́lẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń pín ìwé pélébé tó ń sọ fún olùdìbò bó ṣe máa kọ nọ́ńbà. Bí ti Liberal bá gbé Labor síwájú Greens, tí ìdá 65 nínú 100 sì tẹ̀ lé e, Labor á gba 4,940, Greens á gba 2,660. Àbájáde: Labor 20,340, Greens 19,660. Labor wọlé. Bí ìwé pélébé náà bá yí padà, tí ìdá 65 yẹn lọ sí Greens, Greens di 21,940, Labor 18,060.

Kò sí olùdìbò kan tó yí ẹni tó kọ 1 sí padà, síbẹ̀ Labor já láti 50.85 sí 45.15. Lórí tábìlì, èyí á dà bíi pé àdúgbò sá kúrò lẹ́yìn Labor. Liberal ló kàn yí ìwé pélébé rẹ̀ padà.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 2010, Liberal lábẹ́ Ted Baillieu gbé Labor síwájú Greens, Greens kò sì rí àga kankan mú nílé kékeré. Ní 2022, wọ́n gbé Greens síwájú Labor, Richmond sì bọ́. Torí náà, ẹ fi òpó kan sí tábìlì yín fún ẹni tí Liberal gbé síwájú lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Láìsí òpó yẹn, ìyàtọ̀ láàárín ọdún méjì kò ní ìtumọ̀.

Akọ̀wé_Kékeré:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó yé mi. 2018 wá ńkọ́, tí Liberal kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀? Ṣé kí n kúkú yọ ọdún yẹn kúrò?

Ìyá_Ààlà:

Má yọ ọ́, àbúrò. Gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n fi àmì sí i. Nígbà tí Liberal kò sí lórí ìwé ìbò, àwọn olólùfẹ́ wọn ní láti fi 1 wọn sí ibòmíì, torí náà ìbò àkọ́yàn (ìwé tí wọ́n kọ 1 sí) ti Labor àti ti Greens ọdún yẹn ní ìbò àlejò nínú. Bí o bá fi 2018 wé 2022 ní tààràtà, ńṣe ni ẹgbẹ́ méjèèjì á dà bíi pé ìbò wọn jò lọ.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń dìbò fún ilé àgbà, ibùdó kan náà, ìwé ìbò ọ̀tọ̀. Richmond wà nínú ẹkùn Northern Metropolitan, Liberal sì wà lórí ìwé ìbò ẹkùn náà ní 2018. Kó iye ilé àgbà tó wá láti àwọn ibùdó Richmond jọ, wàá rí ibi tí àwọn èèyàn Liberal dúró sí. Kì í ṣe déédéé, torí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀ lórí ìwé ìbò ilé àgbà, wọ́n sì máa ń bu díẹ̀díẹ̀ jẹ lára àwọn ńlá, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa méfò lọ.

Tó bá wá di ti ibùdó, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn àwòrán ilẹ̀ aláwọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri, tó ń fi hàn pé Fitzroy dìbò báyìí, Collingwood dìbò báyẹn (àdúgbò inú àgbègbè Richmond ni méjèèjì). Ní 2022, ó súnmọ́ ìdajì àwọn olùdìbò Victoria tó ti dìbò ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Ìbò bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí ibùdó ńlá kan tàbí méjì, kò sẹ́ni tó lè sọ òpópónà tó ti wá. Èyí tó kù sí ibùdó àdúgbò lọ́jọ́ ìdìbò gan-an kéré, kò sì ṣojú fún gbogbo èèyàn.

Ààlà náà ń ṣí. Òfin sọ pé iye olùdìbò àgbègbè kan kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 10 nínú 100 yàtọ̀ sí iye tí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ì bá ní bí a bá pín olùdìbò dọ́gba, torí náà bí ilé gogoro bá ń pọ̀ sí i ládùúgbò kan, wọ́n á tún ààlà pín. Èyí tó délẹ̀ ní 2013 ni wọ́n lò ní 2014 àti 2018. Ti 2021 ni wọ́n lò ní 2022. Àwọn tó ń ṣàtúpalẹ̀ ìbò máa ń fojú bu iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ì bá ní ká ní ààlà tuntun ti wà tẹ́lẹ̀. Bó o bá rí àlàfo méjì tó yàtọ̀ fún 2018, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n fojú bù. Kọ méjèèjì, kó o kọ èyí tó jẹ́ èwo.

Oníṣirò, mo fara mọ́ ìṣirò yín, àmọ́ ẹ di ẹrù tó pọ̀ jù ru ìwé pélébé yẹn. Wynne kò díje mọ́ ní 2022. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 23, mínísítà ètò ìlú sì ni. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìbò tirẹ̀. Ìbò àkọ́yàn Labor pẹ̀lú sì já wálẹ̀ ní gbogbo Victoria lọ́dún yẹn, láti nǹkan bí 43 sí 37 nínú 100. Àdúgbò fúnra rẹ̀ ti yí padà: ibi tí ilé iṣẹ́ bàtà, awọ àti aṣọ wà rí ti di ilé alájà olówó gọbọi, àwọn ilé gogoro tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù ní Fitzroy, Collingwood àti Richmond nìkan ló ṣì rí bíi ti àtijọ́.

Oníṣirò:

Mo gbà fún yín, ìyá. Àpẹẹrẹ mi kàn fi hàn pé ìwé pélébé nìkan tó láti yí èsì padà ni. Mi ò sọ pé òun nìkan ló yí ti 2022.

Àkíyèsí kan fún Akọ̀wé: má ṣe lo iye alẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Àjọ elétò ìdìbò máa ń yan ẹni méjì tí wọ́n rò pé ó máa kẹ́yìn kí ìbò tó parí, àwọn yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ pín ìbò fún. Bí wọ́n bá mú ẹni tí kì í ṣe òun, wọ́n á tún un pín láti ìbẹ̀rẹ̀. Dúró de èsì ìkẹyìn tí àjọ náà fọwọ́ sí, tí ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wọ inú rẹ̀.

Bàbá_Ìtàn:

Kó o tó máa wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àga kan ń jẹ́ Richmond nílé aṣòfin àpapọ̀ Australia, kì í ṣe ibí yìí. New South Wales ló wà, létíkun ìhà àríwá, ó jìnnà réré sí Melbourne. Greens lágbára níbẹ̀ náà, ìyẹn ló fi rọrùn láti gbé iye rẹ̀ fún tìrẹ láìmọ̀. Bákan náà, àga Melbourne tí Adam Bandt ti Greens wà láti 2010 sí 2025, ti àpapọ̀ ni, Richmond sì wà nínú rẹ̀. Melbourne ti ìpínlẹ̀, tí Ellen Sandell ti Greens gbà ní 2014, aládùúgbò Richmond ni. Kọ "ìpínlẹ̀" tàbí "àpapọ̀" sí iwájú gbogbo ìlà kó o tó kó wọn pọ̀.