Gìtá oníná tí kò wọ́n fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: èwo ni kí n rà nínú méjì yìí?

Ìyá Aláṣọ-Òkè, Òṣogbo:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n má baà lọ da owó sómi.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí tó máa ń dúró lẹ́yìn ìdánrawò àwọn akọrin ní Sátidé kí ó lè fọwọ́ kan gìtá ìjọ. Ẹni tó ń ta gìtá níbẹ̀ (kì í ṣe pé ó ń tà á lọ́jà o) ti fi kọ́ọ̀dù mẹ́ta hàn án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá bá mi, ó ní, "Màmá, ọmọ yìí ní etí o, ẹ ra tiẹ̀ fún un." Èmi tí mò ń ta aṣọ òkè, kí ni mo mọ̀ nípa gìtá?

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, pupa, ó ń dán gbinrin. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀, n kò rí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Wọ́n kó àpò, wáyà, bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn àti amp kékeré kan (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) mọ́ ọn, ₦145,000. Èkejì tòkunbọ̀ ni, wọ́n kọ Squier sí i lórí. Àpá wà lára rẹ̀, okùn rẹ̀ ti dípẹtà, kò ní amp, kò ní àpò, síbẹ̀ ₦150,000 ni wọ́n pè é. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní tuntun ni kí n mú, pé "original" ni. ₦160,000 ni gbogbo owó tí mo yà sọ́tọ̀. Báwo ni ẹni tí kò lè ta gìtá ṣe ń mọ èyí tó dáa?

Kékeré Onídùùrù:

Mà, ẹ mú tuntun o jàre. Gbogbo nǹkan ti pé síbẹ̀. Ọmọdé ló fẹ́ lò ó, kì í ṣe pé ó ń lọ bá Sunny Adé ṣeré lọ́la.

Onígìtá Àgbà:

Ìyá wa, ẹ má tíì sanwó. Àbúrò mi Onídùùrù, mo gbọ́ ohun tí o wí, ṣùgbọ́n dùùrù ni ìwọ ń tẹ̀. Bí o bá tẹ C, C náà ni yóò dún. Gìtá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú. Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsùlù ń gba abẹ́ okùn rẹ̀ kọjá. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ́ ọ. Ìka wa ń ṣẹ̀jẹ̀, ohùn kò jáde, a sì gbà pé àwa la ya òpè. Àwọn mẹ́ta yòókù sá. Ọdún kejì ni ọ̀gá kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi irin kékeré kan yí nǹkan lọ́rùn rẹ̀, ó rẹ okùn sílẹ̀, ó dá a padà fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ. Ṣé ẹ rí i, ọmọ kì í mọ̀ pé gìtá ló ń ṣe òun. Ara rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi.

Ẹ kò nílò láti mọ̀ ọ́n ta kí ẹ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú káàdì ATM dání, bí ẹ kò bá ní tó mẹ́ta, ẹ yá ti ará ilé. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá là ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà wọ́n láti ọ̀dọ̀ orí títí dé ìkejìlá. Àmì roboto méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ rọra ki káàdì sí àárín okùn tó nípọn jù àti fírẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má gbé okùn náà sókè. Káàdì kan kò tó mìlímítà kan. Bí méjì bá wọlé tí ìkẹta ń há, ó dáa gan-an. Bí mẹ́ta bá wọlé, a ṣì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí márùn-ún bá wọlé, irú èyí tó lé àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé gìtá náà sójú bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, ẹ di ojú kan, ẹ wò ó láti orí lọ sí ìdí. Kí ọrùn náà ṣe bí ẹni tẹ̀ díẹ̀ kò burú; a tiẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn náà tí wọ́n ń pè ní truss rod, òun ni wọ́n ń yí bí ó bá tẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, ẹ gbé e kalẹ̀. Truss rod kì í tún lílọ́ ṣe.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà lọ sókè sódò, bóyá ẹnu fírẹ́ẹ̀tì ń gé yín. Kí ọmọ wá tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ó máa já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Okùn 6, fírẹ́ẹ̀tì 21 tàbí 22, ohùn bí 130 nìyẹn. Ibi tó bá ń ta bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, tàbí tí ohùn bá kú fin, ẹ fi í sọ́kàn. Ẹ wá wa app tíúnà, èyí tó ń fi lẹ́tà sọ ohùn tí okùn ń mú jáde, sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ já okùn lófìfo, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì ìkejìlá, ẹ tún un já. Lẹ́tà kan náà ni fóònù gbọ́dọ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí dá tòkunbọ̀ yẹn lẹ́jọ́ o, okùn tó ti dípẹtà máa ń parọ́.

Ìyá Aláṣọ-Òkè:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ò ní rí ibi. Àmọ́ ohùn 130 nínú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù, ṣé wọn ò ní lé mi jáde?

Onígìtá Àgbà:

Bí wọ́n bá lé yín jáde, wọ́n ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ọmọ Peckham:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tó wà lórí wọn. Leo Fender ló gbé gìtá oníná Stratocaster jáde ní Amẹ́ríkà ní 1954, látìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń ṣe àwòkọ rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìrísí yẹn náà ni pupa tí ẹ rí ní. Squier kì í ṣe ayédèrú, ilé iṣẹ́ Fender fúnra rẹ̀ ló ń fi orúkọ yẹn ta gìtá tí kò wọ́n láti 1982. Bẹ́ẹ̀ náà ni Epiphone ṣe jẹ́ sí Gibson. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ Indonéṣíà tàbí Ṣáínà sí i lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí wọ́n kọ Fender gan-an sí i lórí kí owó rẹ̀ wá jẹ́ ti bàtà.

Squier náà ní ìpele. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lórí dáadáa: Bullet ló wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, Affinity gbà á lọ́wọ́, Classic Vibe ju méjèèjì lọ. Èmi Yamaha Pacifica 012 tí ẹnìkan ti lò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń lò ó. "Original" tí wọ́n ń wí yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan mà, gbogbo gìtá ni original ara rẹ̀.

Alákòóso Akọrin:

Ẹ má bínú, èmi ò gba gbogbo èyí. Box gìtá ni kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń mú ìka le, kò sì nílò iná. Bí ó bá ti lè ta box, oníná á dà bí eré lójú rẹ̀.

Onígìtá Àgbà:

Alákòóso, ẹ kú iṣẹ́ sà. Òótọ́ ni pé ó ń mú ìka le, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọmọ tí ìka wọn kò tíì le kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Okùn tó tín-ín-rín jù lórí gìtá oníná sábà máa ń jẹ́ 9 tàbí 10, ti box 12. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá á mọ ìyàtọ̀ 9 àti 12 ní alẹ́ ọjọ́ kìíní. Ní ti iná, a lè ta gìtá oníná láìkì í bọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ta á á gbọ́ ọ, ará ilé kejì á máa sùn lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oníná ni ọmọ yìí ti fetí sí fún oṣù mẹ́fà. Láti 1949 tí Àyìndé Bákárè ti gbé gìtá oníná wọ inú jùjú, ohùn yẹn ló ń pe àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé e.

Oníná, Abẹ́òkúta:

Amp ni tèmi. Ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. 220 sí 240V ló bá iná wa mu. Bí ẹ bá rí 110 tàbí 120V, Amẹ́ríkà ló ti wá. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri láìlo transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀, òórùn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, orin ò ní jáde.

Tí gìtá bá sì ń kùn hùùù, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Pickup (ohun tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn) oníwáyà wíwé kan ṣoṣo, irú mẹ́ta tó máa ń wà lórí ẹ̀yà Stratocaster, ń gbọ́ ariwo iná ilé, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter bá wà nítòsí. Humbucker ní wáyà wíwé méjì, ọ̀kan ń pa ìkùn èkejì. Ẹ yẹ èyí wò: nígbà tí ọmọ bá fọwọ́ kan okùn, ìkùn náà gbọ́dọ̀ rọlẹ̀. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, wáyà kan ti já nínú. Ẹ yí gbogbo kókó tí wọ́n fi ń ṣàkóso ohùn, ẹ gbé ìyípadà pickup sí ibi márààrún, ẹ mi ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: bí iná bá ta ọmọ lẹ́nu nígbà tó di okùn mú tí ètè rẹ̀ kan máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pe ẹni tó máa ṣe earth ilé ìjọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi gìtá.

Káfíńtà Ìlá:

Wọ́n ń pariwo igi ara gìtá oníná ju bó ṣe yẹ lọ. Igi ọrùn ni kí ẹ bójú tó. Ọyẹ́ ń fa omi gbẹ kúrò nínú igi, igi á súnkì, irin kì í súnkì, ni ẹnu fírẹ́ẹ̀tì á bá yọ síta. Ẹ má tìtorí ìyẹn nìkan kọ̀ ọ́. Fáìlì kékeré àti wákàtí kan ti tó. Ẹ kàn má fi gìtá sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án.

Ìyá Aláṣọ-Òkè:

Mo ti dé o. Èmi àti ọmọ la jọ lọ, mo mú káàdì tèmi méjì, ti bàbá ẹ̀ méjì, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan.

Pupa la fi bẹ̀rẹ̀. Káàdì márààrún wọlé, àyè ṣì kù. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọmọ fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yára fa ọwọ́ kúrò. Mo sọ pé kí wọ́n gbé tòkunbọ̀ wá. Affinity ló wà lórí rẹ̀. Méjì wọlé, ìkẹta há. Mo wo ọrùn rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, ó tọ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà á. Nígbà tó di bí ọgọ́ta, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù jáde lọ ra búrẹ́dì. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń ta, okùn kẹta ní fírẹ́ẹ̀tì ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ní òun ò tíì mọ ọ̀nà débẹ̀.

Wọ́n kì í bọ amp ṣọ́ọ̀bù. Bí a ṣe yí kókó kìíní, ó ń ṣe ṣàràràrà bí ìgbà tí àkàrà wọ epo gbígbóná. Ibẹ̀ ni mo ti di ọlọ́jà padà: mo ní n kò rà á mọ́, mo gbé báàgì mi. A parí ẹ̀ sí ₦138,000. Nínú ₦22,000 tó kù ni mo ti ra okùn tuntun àti wáyà. Amp di ìgbà tí àwọn tó gbé aṣọ ìgbéyàwó fún mi bá san tán. Títí di ìgbà náà, ti ìjọ ní Sátidé, òfìfo nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, kókó tó ń dín àkàrà yìí, ṣé mo ní láti gbé e fún ẹnìkan?

Onígìtá Àgbà:

Rárá. Eruku ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ra contact cleaner lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ẹ tú ike funfun iwájú, ẹ fọ́n ọn díẹ̀ sínú ihò kékeré tó wà lára kókó náà, kí ọmọ wá yí i lọ yí i bọ̀ ní bí ogún ìgbà. Ẹ má lo kẹrosíìnì o. Ní ti okùn tuntun, ẹ ní kó pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Kó sì yọ ọwọ́ irin gbọọrọ tó wà nídìí rẹ̀ yẹn, kó fi pamọ́. Bí ó bá ń fà á ní báyìí, ojoojúmọ́ ni yóò máa tíúnù.

Ìyá Aláṣọ-Òkè:

Ó ti fà á.