Ilẹ̀ bàbá ìyàwó mi ní Nimba, Liberia: ṣé obìnrin lè wọ kọmití?

BàbáÌbejì_Monrovia: Ẹ kú ilé o. Ọmọ Liberia ni ìyàwó mi, abúlé wọn wà ní Nimba. Ìgbà ogun wọ́n sá lọ Guinea, ìgbà tí wọ́n fi máa padà dé àwọn kan ti gbin rọ́bà sórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀. Ní báyìí abúlé fẹ́ yan kọmití ilẹ̀ kí wọ́n lè gbàwé ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wá ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé obìnrin tó ti relé ọkọ kì í bá wọn dá sọ́rọ̀ ilẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èmi náà fẹ́ éékà díẹ̀ níbẹ̀ fi gbin kòkó.

Àdùnní_LIB: Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kàn ń dẹ́rù bà á ni. Òfin ilẹ̀ tí Weah, ààrẹ Liberia nígbà yẹn, fọwọ́ sí ní 2018 sọ pé àwọn ará abúlé ló ni ilẹ̀ àjogúnbá, bí wọn ò tiẹ̀ ní pépà kankan. Kọmití yẹn, CLDMC ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin, obìnrin àti ọ̀dọ́ ló máa wà níbẹ̀ ní dọ́gba-dọ́gba. Ṣùgbọ́n kó lọ fúnra ẹ̀ o, torí èyí tí mo fojú ara mi rí, wọ́n kọ orúkọ àwọn ìyá sílẹ̀ dáadáa, ọjọ́ ìpàdé dé wọ́n ní kí wọ́n lọ máa dáná ìrẹsì.

Àgbà_ECOMOG: Ọ̀rọ̀ ààlà ni kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì. Nimba gan-an logun ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ó di 2003 kó tó tán, àwọn àgbà tó mọ odò wo tàbí igi àràbà wo ni ààlà, ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Abúlé á kọ́kọ́ ṣòfin tiwọn, wọ́n á bá àwọn tó yí wọn ká rin ààlà, wọ́n á fọwọ́ sí i, ìgbà yẹn ni Liberia Land Authority, àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀, á tó wá wọn ilẹ̀. Ẹni tó bá sáré lọ pe sáfẹ́yọ̀ kí ààlà tó yanjú, owó ẹ̀ ló fi ṣòfò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yà míì ló gbin rọ́bà yẹn, ẹ rọra o, ẹ wo wàhálà ilẹ̀ láàárín ẹ̀yà Mano àti Mandingo ní ìlú Ganta ní Nimba níbẹ̀.

Oníkòkó_Gbarnga: Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ò lè ni ilẹ̀ níbẹ̀ o, ọmọ Liberia nìkan ni òfin wọn gbà láàyè. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ abúlé títí 50 ọdún, ẹni tó bá ní òun fẹ́ tà fún yín, ẹ sá fún un.

BàbáÌbejì_Monrovia: Tí mo bá yá a ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni màá bá sọ ọ́?

Oníkòkó_Gbarnga: Rárá, kọmití ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀, ìrẹsì àti pákí ni wọ́n ń retí pé kó gbìn, ẹni tó bá ti ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ gbà á pátápátá ni. Ẹjọ́ rọ́bà tẹ́ ẹ ń rò yìí náà nìyẹn, ẹ̀yin náà wá fẹ́ gbé kòkó lọ 😄