Orúnkún mi ò jẹ́ kí n sùn: ṣé òróró ólífì ń pa ìrora lóòótọ́?

Ìyá Déjì: Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló ní òróró ólífì ló wo orúnkún ìyá òun sàn. Ó ní kí n máa fi ra á, kí n sì máa mu ṣíbí méjì láàárọ̀ kí n tó jẹun. Oṣù kejì rèé. Òróró ti ba gbogbo aṣọ ibùsùn mi jẹ́, ọkọ mi ní mo ń rùn bí agbada. Orúnkún ṣì wú, ó ṣì ń ro mí. Mo bi ìyàwó, ó ní ìyáalé òun ni ò nígbàgbọ́! Àbí kí n máa gbé e kaná ni?

Bàbá Ìbejì: Orúnkún kan ni àbí méjèèjì? Ṣé ẹ ṣubú ni? Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Aṣọ ibùsùn nìkan lẹ ròyìn fún wa.

Àdùkẹ́: Èjìká ni tèmi o. Ọkọ mi fi òróró yẹn ra á fún ọ̀sẹ̀ kan, ìrora náà sì lọ. Ó lè jẹ́ ọwọ́ tó fi ń ra á ló ṣiṣẹ́, torí ọkùnrin tí kì í bá mi gbé garawa omi!

Apòògùn: Ohun kan wà nínú èyí tí wọ́n kọ extra virgin sí lára, oleocanthal lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń ta èèyàn lọ́fun títí á fi wúkọ́. Lọ́dún 2005, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gary Beauchamp, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Monell, ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, rí i pé ibi tí oògùn ìrora ibuprofen ti ń dá wíwú dúró nínú ara ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣirò wọn: gíráàmù 50 lójúmọ́, bíi ṣíbí ńlá mẹ́ta ààbọ̀, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ibuprofen tí àgbàlagbà ń lò fún ìrora. Ẹ wá wo ṣíbí méjì. Ẹ má gbé e kaná, iná ń dín agbára rẹ̀ kù.

Fẹ̀mí: Kí ló kan Philadelphia? Nínú Bíbélì, ará Samáríà da òróró sí ọgbẹ́ ọkùnrin yẹn.

Bàbá Ìbejì: Ọgbẹ́ nìyẹn, Fẹ̀mí. Orúnkún la ń sọ.

Fẹ̀mí: Òróró kan náà ni!

Ìyá Déjì: Mi ò ṣubú. Ọdún 58 ni mí. Tèmi ò ta mí lọ́fun rí, ojú fèrèsé ni mo máa ń gbé e sí kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má pè mí ní aláìmọ̀kan, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é ni mo ń ṣe é. Òróró yẹn náà ló ń ta mí nínú láàárọ̀, ó tún sọ ìgbẹ́ mi di dúdú.

Apòògùn: Dúdú báwo, mà? Kí lẹ tún ń lò mọ́ ọn?

Ìyá Déjì: Bí ọ̀dà, ó sì ń lẹ̀. Mi ò lo nǹkan kan, àfi ibuprofen, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ta ni kì í lò ó?

Apòògùn: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé òróró. Òróró kì í sọ ìgbẹ́ di ọ̀dà. Ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn níbẹ̀. Ẹ má lo ẹyọ kan mọ́, ilé ìwòsàn yá báyìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ mú páálí oògùn náà dání. Ṣé òòyì ń kọ́ yín?

Àdùkẹ́: Yéè! Èmi náà ní ibuprofen nílé. Ṣé kí n dà á nù?

Bàbá Ìbejì: Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí màmá dáhùn.

Ìyá Déjì: Láti àná ni òòyì ti ń kọ́ mi, mo pè é ní ebi. Déjì ti ń bọ̀ wá gbé mi. Tí ìyàwó yẹn bá wà lórí ibí, kó má pè mí lónìí o.