Ẹ̀dà, ayédèrú àbí afarajọ: kí la máa pe géèmù tó jọ géèmù?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàná lórí kílóònù géèmù, ìyẹn kéèyàn jókòó kọ géèmù tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó wá máa ṣe bíi géèmù àtijọ́ kan táráyé ti mọ̀. Orúkọ Yorùbá tá a máa pè é la ń wá. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká pè é ní ẹ̀dà, ẹnì kan ní ayédèrú ló yẹ ẹ́, àbúrò kan wá dá ìbejì lábàá. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti ìbejì ò le. Ìbejì jọ wáyé ni, kò sí èyí tó wo èkejì ṣe. Géèmù tá à ń sọ yìí, ọ̀kan ti wà tipẹ́ kí èkejì tó yọjú. Ó parí.

Ayédèrú lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ayédèrú owó tàbí ayédèrú oògùn, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ojúlówó ni, ẹ̀tàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Kílóònù kì í sábà tan ẹnì kankan, orúkọ tiẹ̀ ló ń jẹ́, àwọn tó ń ta á náà kì í fi pa mọ́. Tá a bá wá ń pè é ní ayédèrú, a ti dá a lẹ́bi kó tó dé kọ́ọ̀tù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà tiyín dùn létí o, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ wo nǹkan tá a máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìwé, ẹ̀dà sátífíkéètì, nǹkan náà gan-an la tún tẹ̀, àmì kan ò yí padà lórí ẹ̀. Ẹni tó da fáìlì géèmù kọ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ṣe ẹ̀dà. Ẹni tó ṣe kílóònù lè má fojú kan kóòdù àkọ́kọ́ rí láyé ẹ̀, ohun tó ń lọ lójú sikirín ló wò. Ẹ sì tún wò ó, ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) la ń pe òfin tó ní kẹ́nì kan má da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, "dà" kan náà ló wà nínú ẹ̀dà, torí náà tí kílóònù bá ti ń jẹ́ ẹ̀dà, orúkọ ẹ̀ nìkan ti rán an lẹ́wọ̀n.

Èmi ní ká pè é ní afarajọ. Ó fara jọ ọ́, kò tíì sí èébú níbẹ̀. Kẹ́ ẹ má sọ pé ṣebí àfarawé ti wà, àfarawé ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é, afarajọ ń sọ ohun tójú rí. Ohun tí kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà sì máa ń bi ara ẹ̀ ni pé ó jọ ọ́ tó báwo, kí ló sì fi jọ ọ́. Lọ́dún 1981, ilé iṣẹ́ Atari pe àwọn tó ṣe géèmù Meteors lẹ́jọ́ nítorí Asteroids, géèmù tiwọn. Nǹkan 22 ni adájọ́ kà tí géèmù méjèèjì fi jọra, síbẹ̀ Atari ò rí i gbà, torí ẹni tó bá máa ṣe géèmù ọkọ̀ òfurufú tó ń yìnbọn lu òkúta lójú sánmà, ibi tó máa gbà ò pọ̀. Ó di 1982, wọ́n gbé géèmù K.C. Munchkin dé kọ́ọ̀tù nítorí Pac-Man, géèmù tí ọ̀jẹun kan ti ń jẹ àwọn àmì róbótó kiri, táwọn iwin sì ń lé e. Àmì róbótó tí Munchkin ń jẹ ò ju 12 lọ, ó sì ń rìn, ti Pac-Man lé ní 200, ojú kan ló sì wà. Kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ ò dá a dúró, àmọ́ kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọ̀jẹun inú Munchkin àtàwọn iwin tó ń lé e ti jọ ti Pac-Man jù.

Afarajọ làwọn méjèèjì, ọ̀kan bọ́, ọ̀kan ò bọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ ọ̀rọ̀ kejì nìyẹn o. A máa ń sọ pé ọmọ jọ bàbá ẹ̀ bí ìmumu, ẹ jẹ́ ká fi ìmumu pe afarajọ tó ti kọjá àlà. Géèmù Mino tí ilé iṣẹ́ Xio ṣe, tí ilé iṣẹ́ tó ni Tetris, géèmù títo bíríkì tó ń já bọ́, pè lẹ́jọ́, tí wọ́n dá ẹjọ́ ẹ̀ lọ́dún 2012 ní New Jersey, ìmumu ni. Xio ò tiẹ̀ sẹ́, wọ́n ní àwọn wo Tetris o, àmọ́ òfin géèmù nìkan làwọn mú, òfin géèmù kì í sì í ṣe tẹnì kan. Adájọ́ gbà pé òótọ́ ni, ó wá ní ta ló wá ní kẹ́ ẹ mú pápá tó ga ní 20 tó fẹ̀ ní 10, ìrísí àwọn bíríkì yẹn, títí dórí òjìji tó ń fi ibi tí bíríkì máa balẹ̀ sí hàn?

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Data East, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù. Àwọn ló pe Epyx, ilé iṣẹ́ géèmù míì, lẹ́jọ́ nítorí géèmù kàrátè, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn já wọn kulẹ̀ lọ́dún 1988, ohun tó jọra níbẹ̀, inú kàrátè fúnra ẹ̀ ló ti wá. Ilé iṣẹ́ Capcom wá pe Data East náà lẹ́jọ́ nítorí géèmù ìjà Street Fighter II, irú àwíjàre tó já wọn kulẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé dìde, wọ́n sì fi borí lọ́dún 1994.

Ẹnì kan bèèrè bóyá ká pe "idea" ní èrò, ká pe "expression" ní ìgbékalẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ni èrò, ìgbékalẹ̀ ló lẹ́ni tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá lọ́rọ̀ tó ju ìmumu lọ ẹ mú un wá ká jọ wò ó, ìbejì nìkan ni kẹ́ ẹ má tún gbé padà wá jàre.