Dókítà ní ọkàn ló pa ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ àyẹ̀wò lábù ni mo fẹ́

Àbúrò Olóògbé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ iyán lálẹ́, ó wọlé sùn. Ní ìdájí, òógùn bò ó, ó ń bì. A gbé e dé ọsibítù, ibẹ̀ ló kú sí. Ọjọ́ kejì ni ìyàwó ẹ̀ ti ń wá ìwé ilẹ̀ Ìkòròdú! Kò tiẹ̀ sunkún. Dókítà tó la òkú ní iṣan ọkàn ti dí. Ojú lásán ló fi wò ó, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí lábù. Ṣé mo lè fipá mú wọn wá májèlé?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọ̀fọ̀. Èmi náà, ẹbí ọkọ ní èmi ni mo pa á, èmi tí mo gbé e gba inú òjò lọ sọ́síbítù. Omijé mi ti tán sọ́nà. Ẹ fi opó sílẹ̀, àbúrò mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Lábù kì í purọ́! Ẹ lọ bá coroner, adájọ́ tó ń wádìí ikú, Èkó ti ṣòfin ẹ̀ láti 2007.

Òṣìṣẹ́ Lábù: Ohun tí wọ́n bá ní kí lábù wá ló ń wá. Ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn pàápàá lè ṣini lọ́nà, torí oògùn máa ń ṣàn kúrò níbi tó wà lẹ́yìn ikú. Ti iṣan itan ló dáa jù. Iṣan ọkàn tó dí lè pani lóòótọ́, àmọ́ kò ní kí májèlé má sí. Ó ń lo oògùn kankan? Wọ́n ti fi fọ́màlínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú tètè jẹrà, sí òkú?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ara yín lẹ máa ń gbèjà.

Bàbá Àgbà: Ẹ má tíì sin ín o! MohBad olórin kú lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, wọ́n hú u lọ́jọ́ 21. Pathologist, dókítà tó la òkú ẹ̀, sọ fún coroner pé òkú ti jẹrà, òun ò lè sọ ohun tó pa á.

Àbúrò Olóògbé: A ò tíì sin ín. Ilẹ̀ yẹn, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀gbọ́n mi ni.

Òṣìṣẹ́ Lábù: Ẹ ò dáhùn ìbéèrè mi.

Àbúrò Olóògbé: Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, ó sì ti pa á tì látọdún Àjíǹde. Wọ́n fi fọ́màlínì sí i lọ́jọ́ tó kú, èmi ni mo buwọ́ lùwé. Àǹtí wa ń bọ̀ láti London, ṣé kó wá bá òkú tó ń rùn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀jẹ̀ ríru! Ẹ sì ń pe ìyàwó lápànìyàn?

Òṣìṣẹ́ Lábù: Fọ́màlínì ti lé ẹ̀jẹ̀ jáde, ó sì máa ń ba ọ̀pọ̀ májèlé jẹ́ débi tí lábù ò ní rí i mọ́. Ní ọsibítù yẹn, ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó tó kú?

Àbúrò Olóògbé: Nọ́ọ̀sì fà á sínú ìgò kéékèèké méjì. Ìyàwó ẹ̀ ló bá wọn di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Òṣìṣẹ́ Lábù: Ẹ pe ọsibítù náà báyìí kí wọ́n má tíì dà á nù, kí ẹ sì kọ̀wé sí coroner lónìí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló dáa jù nínú ohun tó kù láti yẹ̀ wò.